Ìdí Tí Ológun Ojú Omi Fi Ń Kọ́ṣẹ́ Lórí Ọkọ̀ Ìgbòkun: Ìtàn Juan Sebastián de Elcano

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ọkọ̀ ìgbòkun àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Mẹ́síkò tó ń jẹ́ Cuauhtémoc forí àwọn òpó rẹ̀ gbá afárá Brooklyn ní ìlú New York. Àwọn òpó náà kán, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí ọkọ̀ náà kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fídíò rẹ̀ ti káyé. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi ara wọn: kí ni ológun òde òní ń wá lórí ọkọ̀ tó ń fi aṣọ gba afẹ́fẹ́, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi àti mísáìlì ti wà?

Ìbéèrè gidi ni, ó yẹ ká dá a lóhùn. Àmọ́ nǹkan kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbòkun Cuauhtémoc ni wọ́n ti ká. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn ló sì ń lọ títí ó fi dé abẹ́ afárá. Ẹni tó bá ní ìgbòkun ló pa àwọn ọmọ náà kò wo fídíò yẹn dáadáa.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni Juan Sebastián de Elcano ti ilẹ̀ Sípéènì, tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di ọ̀gá ológun ojú omi láti ọdún 1928. Irú ọkọ̀ tí à ń pè ní sukúnà ni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí sukúnà jẹ́ kò ní lóye ìdí tí wọ́n fi yàn án fún iṣẹ́ yìí.

Kí ni sukúnà?

Lójú ọ̀pọ̀ wa, ọkọ̀ ìgbòkun ni ọkọ̀ ìgbòkun, ìyàtọ̀ kò sí. Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀. Ọ̀nà méjì gbòógì ni wọ́n ń gbà ta ìgbòkun. Èkínní ni ìgbòkun ìdábùú: ara igi tó dábùú òpó ni wọ́n so ó rọ̀ sí, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a láti ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè máa lọ síwájú. Èyí ló máa ń wà nínú àwòrán ọkọ̀ ogun àtijọ́. Èkejì ni ìgbòkun gbọọrọ, tí wọ́n nà láti ara òpó lọ sí ìhà ìdí ọkọ̀. Ṣe ló rọ̀ mọ́ òpó bí ilẹ̀kùn ṣe rọ̀ mọ́ férémù: ó lè ṣí sí ọ̀tún, ó lè ṣí sí òsì, ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti wá ni yóò sọ.

Ọkọ̀ tó bá ní òpó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé ìgbòkun gbọọrọ ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé, ni sukúnà. Àwọn kan máa ń fi ìgbòkun ìdábùú díẹ̀ kún òpó iwájú kí wọ́n lè jẹ àǹfààní afẹ́fẹ́ tó bá wá láti ẹ̀yìn. Bí ti Elcano ṣe rí nìyẹn: òpó mẹ́rin, ìgbòkun ìdábùú lórí ti iwájú nìkan, gbọọrọ lórí gbogbo wọn.

Èyí gbé wa dé ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù. Àwọn ènìyàn gbà pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ nìkan ni ọkọ̀ ìgbòkun lè lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá lọ sókè òkun tí ì bá tún padà wálé? Ìgbòkun gbọọrọ kì í dúró kí afẹ́fẹ́ ti òun. Aṣọ rẹ̀ máa ń yọ ikùn díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ojú méjèèjì rẹ̀ kọjá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú kan àti èkejì á sì máa fa ọkọ̀ síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ara ọkọ̀ tó rì sínú omi kò jẹ́ kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú nìkan ló kù fún un. Nítorí náà, sukúnà lè súnmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ju ọkọ̀ onígbòkun ìdábùú lọ. Ìwọ̀n dígírì 60 ni ọkọ̀ onígbòkun ìdábùú sábà máa ń fi jìnnà sí ojú afẹ́fẹ́, kò sì lè súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun kankan tó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an kó máa lọ. Kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n ń rìn: wọ́n á fi apá ọ̀tún gba afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á yí padà, wọ́n á fi apá òsì gbà á, títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Àǹfààní kejì ni ti òṣìṣẹ́. Láti orí pákó ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fi okùn darí ìgbòkun gbọọrọ, kò pọn dandan kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn máa gun òpó. Ní ọdún 1902, àwọn ará Amẹ́ríkà kan sukúnà olópòó méje kan, Thomas W. Lawson, tí gígùn rẹ̀ ju 100 mítà lọ, àwọn tó sì ń tù ú kò ju 18 lọ.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ìlú Gloucester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts máa ń fọ́nnu pé ọmọ ìlú wọn, Andrew Robinson, ló kan sukúnà àkọ́kọ́ ní 1713. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán tí àwọn ará Nẹ́dálándì yà ṣáájú ìgbà yẹn ti ní ọkọ̀ olópòó méjì tó ń lo irú ìgbòkun yìí. Ohun tó dájú ni pé etíkun Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀. Apẹja lò ó, oníṣòwò lò ó, afàyàwọ́ náà lò ó, torí pé ó yára, kò sì ná ènìyàn lówó òṣìṣẹ́.

Olówò ẹrú náà lò ó. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà ní 1807, tó sì rán ọkọ̀ ogun láti máa ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọkọ̀ tó lè sá ni àwọn olówò ẹrú ń wá kiri. Àwọn sukúnà tí wọ́n kàn ní Baltimore wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ní àsìkò tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tó kó àwọn ènìyàn wa láti Èkó àti Ouidah lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nagô, àti sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Ọgbọ́n tí mo ń yìn lókè yìí, bí ọkọ̀ ṣe ń súnmọ́ ojú afẹ́fẹ́, òun náà ni wọ́n fi sá fún àwọn tó fẹ́ gba ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ̀wé nípa sukúnà kò gbọdọ̀ fo ibí yìí.

Bí Elcano ṣe dé ojú omi

Ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì ti gba òkun kan nígbà tí Sípéènì pinnu láti kan ọkọ̀ yìí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìpinnu náà wú mi lórí. Ìgbòkun ti kásẹ̀ nílẹ̀ nínú ogun jíjà, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó rò pé wọ́n á tún fi jagun mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kàn.

Ọgbà ìkànkọ̀ Echevarrieta y Larrinaga ní ìlú Cádiz ló gba iṣẹ́ náà. Àwọn ará Camper & Nicholsons ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òkìkí wọn kàn nídìí ọkọ̀ eré ìje, ló ya àwòrán ìgbòkun rẹ̀. Ọdún 1925 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀; ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, 1927, wọ́n tì í sínú omi; ní 1928 ó wọ iṣẹ́. Irin ni ara rẹ̀, funfun ni wọ́n kùn ún, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 113 mítà, ìgbòkun rẹ̀ sì tó nǹkan bí ogún. Ó ní ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Àwọn kan gbà pé ọkọ̀ ìgbòkun tó bá ní ẹ́ńjìnnì ń tan ènìyàn jẹ ni. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀: ó nílò ẹ́ńjìnnì láti wọ èbúté, láti kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti kú, àti láti sá fún ewu.

Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ní orúkọ: Blanca, Almansa, Asturias àti Nautilus. Orúkọ àwọn ọkọ̀ tí ológun Sípéènì fi kọ́ṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ wọ́n. Nautilus ìkẹyìn yẹn yí ayé po láti 1892 sí 1894 lábẹ́ ọ̀gákọ̀ Fernando Villaamil, ẹni tó wá kú sójú ogun ní Santiago ti Kúbà ní 1898. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ tí wọ́n ní kó lọ síbi Nautilus mọ orúkọ ẹni tí òun dúró sábẹ́ rẹ̀.

Juan Sebastián Elcano fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ́ wa pé Ferdinand Magellan ni ẹni àkọ́kọ́ tó yí ayé po. Magellan kò parí ìrìn àjò náà. Wọ́n pa á ní Mactan, ní erékùṣù Filipínì, ní 1521. Elcano, ọmọ Getaria ní ilẹ̀ Basque, ló tu ọkọ̀ Victoria délé ní oṣù Kẹsàn-án 1522, pẹ̀lú ènìyàn 18 péré. Ọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí àwòrán ayé wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìn tó sọ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó yí ayé po. Àmì yẹn ni ọkọ̀ náà ń gbé kiri títí di òní. Ọkọ̀ náà pẹ̀lú sì ti yí ayé po tó ìgbà mẹ́wàá.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti ilé-ẹ̀kọ́ ológun ojú omi ní ìlú Marín, ní Galicia. Ìrìn àjò kan sábà máa ń gba oṣù mélòó kan. Wọ́n ń pín ara wọn sí ìṣọ́, ìṣọ́ kan á wà lẹ́nu iṣẹ́, èkejì á sùn, tọ̀sán tòru. Wọ́n ń jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú, torí pé ẹ̀kọ́ ìwé kì í dúró de òkun.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan láti tòsí: yíyí ọkọ̀ kọjá lójú afẹ́fẹ́. Kí ọ̀gá tó pàṣẹ, olúkúlùkù ti gbọ́dọ̀ wà nídìí okùn rẹ̀. Okùn náà pọ̀ lọ jàra, ẹni tí kò bá mọ ti ẹ̀ nínú òkùnkùn kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí àṣẹ bá ti jáde, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú á máa yí i díẹ̀díẹ̀, iwájú ọkọ̀ á máa súnmọ́ ojú afẹ́fẹ́. Àwọn ìgbòkun á pàdánù afẹ́fẹ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pàpà débi pé ohùn kò ní jọ ohùn mọ́. Eré ọkọ̀ á máa dínkù. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí eré náà bá tán kí iwájú ọkọ̀ tó kọjá sódì kejì, ìtọ́kọ̀ kò ní lágbára mọ́, ọkọ̀ á kàn dúró gbagidi, á sì máa fà sẹ́yìn.

Nítorí ìdí èyí, wọn kì í tètè tú àwọn ìgbòkun onígun mẹ́ta tó wà níwájú pátápátá. Wọ́n á dì wọ́n mú ní ìhà àtijọ́, kí afẹ́fẹ́ lè gbá wọn lójú kejì, kó sì ti imú ọkọ̀ kọjá. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé ó ti kọjá ni wọ́n á tú okùn ìhà kan, tí àwọn ti ìhà kejì á fà á pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, tí àwọn tó wà nídìí òpó iwájú náà á fa àwọn igi ìdábùú yí. Bí wọ́n bá tú u ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú àsìkò, iṣẹ́ bàjẹ́. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, iṣẹ́ bàjẹ́. Kò sí bọ́tìnì tí ènìyàn kan lè tẹ̀ láti tún un ṣe.

Èyí ni mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Lórí ọkọ̀ ogun òde òní, ẹ̀rọ ti bo afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀dọ́ ọ̀gá lè jókòó sínú yàrá tútù fún ọdún púpọ̀ kó má mọ ohun tí òkun ń ṣe sí ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi kò lọ síbì kan. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kú, wọ́n wà níbẹ̀. Lórí sukúnà, ènìyàn ń rí wọn, ara rẹ̀ ń mọ̀ wọ́n. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ọ̀gá ọ̀la fúnra rẹ̀ ti fa okùn rí. Ó mọ bí àṣẹ tí kò yéni ṣe máa ń rí létí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

Ọ̀rọ̀ wíwá ọ̀nà lójú òkun náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń lo sẹ́sítáǹtì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí oòrùn tàbí ìràwọ̀ ṣe ga tó lókè ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun. Ní ọ̀sán gangan, akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo oòrùn nínú dígí rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Yóò dé ibì kan tí kò ní gòkè mọ́. Ìwọ̀n ibẹ̀ ni yóò fi ṣírò bí ọkọ̀ ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé. Bí aago rẹ̀ bá pé, yóò mọ bó ṣe lọ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn tó pẹ̀lú. Ẹni tó bá rò pé GPS ti sọ èyí di asán, kó rántí pé ilé-ẹ̀kọ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Annapolis, tó ti fi ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ rí, dá a padà ní 2015, torí ẹ̀rù pé ọ̀tá lè dí ọ̀nà GPS tàbí kó da á rú.

Arábìnrin rẹ̀, Esmeralda

Elcano ní arábìnrin kan, ìtàn rẹ̀ sì korò. Ní 1946, ní Cádiz kan náà, Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ kejì tó fẹ́ sọ ní Juan de Austria. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, 1947, àgọ́ ohun ìjà àwọn ológun ojú omi ní ìlú náà gbiná, ó bú gbàù, ó pa nǹkan bí 150 ènìyàn, ó sì ba ọgbà ìkànkọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ dúró. Sípéènì jẹ ilẹ̀ Ṣílè ní gbèsè nígbà náà, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kí ọkọ̀ yìí jẹ́ ara ohun tí wọ́n á fi san án. Wọ́n tì í sómi ní 1953, Ṣílè gbà á ní 1954, wọ́n sì sọ ọ́ ní Esmeralda, orúkọ ọkọ̀ ogun wọn tó rì ní Iquique ní 1879.

Lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba ní Ṣílè ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 1973, ọkọ̀ ẹ̀kọ́ yìí di àtìmọ́lé ní èbúté Valparaíso. Wọ́n dá àwọn ènìyàn lóró lórí rẹ̀. Àlùfáà kan tí wọ́n bí ní Valparaíso, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Michael Woodward, wà lára àwọn tí ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n nígbà náà pa. Ìgbìmọ̀ tí Raúl Rettig darí kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1991 pé wọ́n lo ọkọ̀ náà fún iṣẹ́ ibi yìí. Títí di òní, ní èbúté púpọ̀ tí Esmeralda bá dé, àwọn kan máa ń jáde láti fẹ̀hónú hàn. Mo rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹwà ìgbòkun funfun kò lè fọ ohun tí wọ́n ṣe lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé owó àti ewu rẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀?

Àwọn alátakò ní ìdí tiwọn. Owó ńlá ló ń lọ sórí àtúnṣe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ewu rẹ̀ sì kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, 1932, ọkọ̀ ẹ̀kọ́ ológun Jámánì tó ń jẹ́ Niobe wà nítòsí erékùṣù Fehmarn nígbà tí ìjì òjijì kan dé. Ooru mú kí wọ́n ti ṣí àwọn fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkọ̀ náà dojú dé, omi gba inú rẹ̀, ènìyàn 69 sì kú. Jámánì kò torí rẹ̀ pa ẹ̀kọ́ náà tì. Wọ́n kan ọkọ̀ tuntun ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Gorch Fock, wọ́n sì kó ẹrù wúwo tó pọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìjì má baà lè dojú rẹ̀ dé.

Ohun tí àwọn alátakò máa ń gbàgbé ni pé ìgbòkun kì í ṣe òpin ẹ̀kọ́ ológun ojú omi. Ìpele kan nínú rẹ̀ ni. Juan Carlos ṣe é lórí Elcano ní 1958 kó tó jọba Sípéènì, ọmọ rẹ̀ Felipe ṣe é ní 1987. Ní oṣù Kìíní 2025, ọmọbìnrin Felipe, Leonor, tó jẹ́ àrólé ọba, kúrò ní Cádiz pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba Salvador ní Bahia kọjá, wọ́n gba Montevideo àti Valparaíso, wọ́n sì gòkè lọ sí New York. Ibẹ̀ ni Leonor ti sọ̀kalẹ̀ nínú Elcano, tó bọ́ sínú ọkọ̀ ogun ayé òde òní, Blas de Lezo, láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo rédà àti ẹ̀rọ ogun rẹ̀.